Báàfù ìwẹ̀ ọmọ tuntun lọ́jà Àkúrẹ́: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tí kò tó o

Ẹni tó bá gba Arákalẹ̀ wọ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ yóò rí wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹrù ọmọ: báàfù búlúù, báàfù pinki, èyí tó ní orí pẹ́pẹ́yẹ níwájú, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n tò lé ara wọn títí dé òkè. Oṣù kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ aboyún ń lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú, tí ọjà nínà ò sì wu èèyàn mọ́. Ọlọ́jà á ní, "Àǹtí mi, ẹ wo èyí tó ń ká yìí, òun ló wà nígboro báyìí o. Ó tún ń sọ bí omi ṣe gbóná tó." Owó á jáde. Bí ọmọ bá sì dé, tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn àlejò á tún gbé méjì mìíràn wá.

Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀. Nínú oríṣi mẹ́ta tó gbòde, báàfù ike lásán tó rí róbótó, èyí tẹ́ ẹ lè fi fọ aṣọ lọ́jọ́ iwájú, ló dára jù fún ẹni tó ń wẹ ọmọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Èyí tó ń ká ló tẹ̀ lé e, àmọ́ àléébù rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìjókòó ìwẹ̀ tó ń fi rọ́bà lẹ̀ mọ́ ìdí báàfù kò yẹ ọmọ tuntun rárá, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù tó.

Ìdí tí báàfù lásán fi borí kò jìnnà. Ọmọ tó pé oṣù máa ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì lè gbé orí. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ ní láti fi apá òsì ṣe ìrọ̀rí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Etí báàfù lásán kì í ga púpọ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ni, nítorí náà apá yẹn á rí ibi sinmi lé. Nínú ike tó jìn, apá á rọ̀ sófuurufú, kò ní pẹ́ tí á fi máa gbọ̀n. Ìgbà tí apá bá ń gbọ̀n ni ẹ̀rù ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń sọ pé òun ò lè wẹ ọmọ, ìjókòó rẹ̀ ni kò dára: ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ báàfù lórí ìdúró. Ẹ gbé àpótí, ẹ jókòó, ẹ gbé báàfù sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ yín, ìdajì ẹ̀rù náà á lọ.

Ẹ wá èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50, tí ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí etí rẹ̀ ká, nínú àti lẹ́yìn. Níbi tí wọ́n ti gé ike náà kúrò lára mọ́ọ̀dì, ṣóńṣó kan sábà máa ń ṣẹ́ kù tó lè ha ọmọ lára. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ike tí wọ́n yọ́ láti ara àlòkù a máa rùn bíi kẹrosín, òórùn náà kì í sì í tán bọ̀rọ̀ tí omi gbígbóná bá ti kàn án. Kí inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, funfun tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú báàfù dúdú, ẹ ò ní tètè mọ̀ bí ọmọ bá ti yàgbẹ́ sómi tàbí bí ìwọ́ bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Méjì ni kẹ́ ẹ rà, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tẹ́ ẹ máa fi ṣan án. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó méjèèjì kì í tó owó oníkíká kan.

Oníkíká náà ńkọ́? Etí rẹ̀ ike líle ni, ara rẹ̀ rọ́bà rírọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń là, ó sì ní ìdí tí omi ń gbà jáde. Ibi tó dára sí nìyẹn: ẹ ò ní gbé omi da nù. Fún ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí gbé ohun tó wúwo, kí ọkọ rẹ̀ máa wẹ ọmọ nínú rẹ̀ kó sì tú ìdí rẹ̀ nílé ìwẹ̀ jẹ́ ìrọ̀rùn gidi. Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 75 sí 80. Ọmọ tuntun á kàn máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú rẹ̀ ni, omi tẹ́ ẹ máa fà nínú kànga láti dé ibi ìjìn kan náà á sì pọ̀ ju ti báàfù róbótó lọ dáadáa. Nígbà ọyẹ́ tí kànga bá ti ń fà, ẹ ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ la mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi dún "kà", lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. Omi lítà mẹ́sàn-án wúwo tó kílò mẹ́sàn-án. Bí ẹsẹ̀ kan ò bá wọlé dáadáa, ibẹ̀ ni á ti ká tòun tọmọ. Ẹ ní kí wọ́n bu omi sí i, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ìdérí tó ń jò lọ́jà kò ní ṣíwọ́ jíjò nílé. Ohun tó ń wọn ìgbóná tí wọ́n fi dí ìdí rẹ̀ kò ṣeé gbára lé: omi ìsàlẹ̀ nìkan ló ń kà, ó sì ń pẹ́ kó tó yí. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ ló sì ń lò. Bí ọmọ tó ṣáájú bá gbé e mì, ọ̀fun tàbí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ lè bó láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìdè skrúù wà lára ibi tí bátìrì wà. Bí kò bá sí, ẹ yọ bátìrì náà dànù.

Àléébù tí ọlọ́jà kì í sọ ni ibi tó ń ká. Ọṣẹ àti ìdọ̀tí ara máa ń sá pamọ́ sínú ìlà rọ́bà yẹn, èbu dúdú á sì hù níbẹ̀ láàárín òjò oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án. Tẹ́ ẹ bá ká a nígbà tó ṣì tutù, ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀ jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìlà náà, ẹ là á sílẹ̀ lóòrùn títí á fi gbẹ, kẹ́ ẹ tó ká a.

Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ta mọ́ ọn wúlò díẹ̀, torí ó ń gba orí àti ẹ̀yìn ọmọ dúró. Ohun tó ń dà á rú ni pé ó ń gbé ọmọ lé òkè omi. Ìdí nìkan ló rì, ikùn àti àyà wà nínú afẹ́fẹ́, omi tó wà lára rẹ̀ ń gbẹ, ó sì ń mú ooru rẹ̀ lọ. Ẹ fi aṣọ pẹlẹbẹ bo ikùn rẹ̀, ẹ máa bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sórí aṣọ náà. Kẹ́ ẹ sì ka ìkọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ìjókòó ìwẹ̀, ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó ń bì síwájú nínú rẹ̀, rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ sì máa ń tú nígbà tí ọṣẹ bá ti dé ibẹ̀. Ọmọ á dojú dé sínú omi tí kò tó ìka mẹ́ta. Ẹ fi sílẹ̀.

Omi, píọ̀ wọ́tà mélòó?

Ìwọ̀n 37 sí 38°C ni omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ara èèyàn fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 37, ìdí nìyẹn tí omi tó tọ́ kì í fi í gbóná tàbí kó tutù lára bẹ́ ẹ bá ki ìgúnpá bọ̀ ọ́. Ìgúnpá ni, tàbí inú ọrùn ọwọ́. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n, pàápàá jù lọ ti màmá tó ti ń fi ọwọ́ yí iyán gbígbóná láti ogún ọdún. Ọwọ́ yẹn ò mọ iná mọ́.

Bí omi inú garawa bá wà ní nǹkan bíi 26°C, lítà kan omi tó ń hó sínú lítà márùn-ún omi tútù á bọ́ sí nǹkan bíi 38. Láàárọ̀ ọyẹ́, tí omi garawa bá ti wálẹ̀ dé 22, lítà kan sí mẹ́rin ni. Ẹni tí kò ní ohun tó fi ń wọn lítà kó rántí pé píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ààbọ̀ lítà. Fún báàfù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, píọ̀ wọ́tà mẹ́ta tẹ́ ẹ dà sí ìkòkò tẹ́ ẹ sì sè títí ó fi hó, pẹ̀lú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ́ ẹ ò sè, á gbé omi dé ìka mẹ́ta sí mẹ́rin tẹ́ ẹ tò pọ̀. Ìwọ̀nba tí ọmọ tuntun nílò nìyẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi píọ̀ wọ́tà ṣòfò lè fi ọ̀rá rẹ̀ tó ṣófo wọn omi kànga lẹ́ẹ̀kan, kó fi nǹkan sàmì sára báàfù, ó parí.

Omi tútù ló ń kọ́kọ́ wọ báàfù, gbígbóná a tẹ̀ lé e, ẹ ó sì fi ọwọ́ rò ó dé ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, torí omi gbígbóná máa ń dá wà lójú kan. Tí ọmọ bá ti wọ omi, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bu omi gbígbóná kún un mọ́, kódà kó jẹ́ ife kan. Ibí yìí ni ìṣirò àwọn kan ti ń yẹ̀: wọ́n á se omi sínú fláàsì nígbà tí iná wà, wọ́n á wá lò ó ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà bí ẹni pé ó ṣì ń hó. Omi fláàsì ti tutù díẹ̀, ìgúnpá tàbí tamọ́mítà ni kẹ́ ẹ fi ṣe adájọ́. Kẹ́tùrù àti ìkòkò gbígbóná sì gbọ́dọ̀ jìnnà síbi tí wáyà rẹ̀ tàbí etí ìró yín lè ti fà á wálẹ̀.

Títí ìwọ́ yóò fi já, kẹ́ ẹ se omi kànga tẹ́ ẹ máa fi ṣe ti tútù náà lálẹ́, kẹ́ ẹ bò ó, kó tutù di àárọ̀. Lẹ́yìn náà, omi mímọ́ tí kò ní àwọ̀ ti tó.

Ooru iyàrá ṣe pàtàkì tó omi. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, kí inú ilé gbóná tó 25°C ó kéré tán. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí ìwẹ̀ náà bọ́ sáàárín aago mọ́kànlá sí méjì ọ̀sán. Ìwẹ̀ òwúrọ̀ kùtùkùtù tí gbogbo ilé máa ń fẹ́, ọmọ ló ń jìyà rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ti pọ̀ tó nínú omi.

Ìgbà tí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ yẹ

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí wọ́n dúró fún wákàtí 24 kí wọ́n tó wẹ ọmọ tuntun. Bí àṣà ìdílé ò bá jẹ́ kó ṣeé ṣe, kó pé wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Nọ́ọ̀sì ló ń sọ ìlànà yìí fún ọ̀pọ̀ aboyún. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá délé lọ́jọ́ kejì á bá omi lórí iná àti kànìnkànìn lọ́wọ́ àwọn àgbà. Wọ́n á ní ọ̀rá funfun tó wà lára ọmọ gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá, kó má baà máa rùn tó bá dàgbà. Ọ̀rá yẹn ààbò ara rẹ̀ ni, ó ń jẹ́ kí awọ rọ̀, kò sì fẹ́ kí kòkòrò àìsàn wọlé. Fúnra rẹ̀ ni yóò wọnú awọ lọ. Ibi tí òógùn abíyá tó ń rùn ti ń sun kì í ṣiṣẹ́ títí ọmọ á fi bàlágà, kò sì sí kànìnkànìn ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kankan tó lè dé ibẹ̀.

Ìwọ́ máa ń já láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó tó já, ẹ má rì í sínú omi. Ẹ nasẹ̀, ẹ tẹ́ tówẹ̀lì sí ojúgun yín, ẹ gbé ọmọ lé e, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Apá tẹ́ ẹ bá ń nù nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí, kẹ́ ẹ fi aṣọ bo ìyókù. Ọmọkùnrin tí wọ́n bá dá lábẹ́, kò gbọ́dọ̀ wọ báàfù títí ojú ọgbẹ́ á fi jinná, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínù náà ló tọ́ sí i.

Ọwọ́ tó ń mú ọmọ

Ẹ to gbogbo nǹkan sí apá ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ lè dé láìdìde: òwú, abọ́ omi tí ẹ sè tó ti tutù, ọṣẹ, aṣọ pẹlẹbẹ méjì, tówẹ̀lì méjì, ìlédìí, ẹ̀wù, fìlà. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán á pọ̀ ọ́ sómi, ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ojú la fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí aṣọ ṣì wà lára rẹ̀. Òwú kan fún ojú kan, láti ibi imú lọ síta, láìsí ọṣẹ. Ẹ fọ orí nígbà tí ara ṣì wà nínú tówẹ̀lì: ẹ fi apá òsì gbá a mọ́ ìhà bí ẹni gbé bọ́ọ̀lù, kí àtẹ́lẹwọ́ gba orí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún bu omi sí i láti iwájú lọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Orí ọmọ tuntun tóbi jù lára rẹ̀, ibẹ̀ ni ooru ti ń jáde jù.

Ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ tó bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Ẹ ti apá òsì yín gba abẹ́ ọrùn rẹ̀ kọjá, kí ọrùn náà sinmi lé ọrùn ọwọ́ yín. Ẹ fi àwọn ìka yín mú apá rẹ̀ tó jìnnà sí yín ní abẹ́ abíyá, kí àtàǹpàkò wà lórí èjìká. Bó ti wù kí ọṣẹ yọ̀ tó, ìdìmú yìí kì í tú, torí kì í ṣe awọ lẹ dì mú, egungun apá ni. Ọwọ́ ọ̀tún gba ìdí àti itan. Ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan omi, ìdí tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ máa rọra tẹ́ ẹ wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ké nínú omi kò kórìíra ìwẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi kan omi, ẹ̀rù ìṣubú ló mú un na apá méjèèjì. Bó bá ti na apá bẹ́ẹ̀, ẹ fi aṣọ bo àyà rẹ̀ nínú omi, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e wọlé, ọwọ́ ọ̀tún bọ́ láti ṣiṣẹ́. Ibi tí ara ti ṣẹ́ po ni kẹ́ ẹ lò ó fún: abẹ́ àgbọ̀n níbi tí wàrà ń ṣàn sí, ẹ̀yìn etí, abíyá, inú ọwọ́ tó dì, ìhà itan. Wàrà abẹ́ àgbọ̀n tó bá lo ọjọ́ méjì á kan, ọrùn á pọ́n, á sì máa rùn, màmá á ní ọṣẹ ni kò dára. Ọmọbìnrin, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ọmọkùnrin tí wọn ò tíì dá, ẹ má fa awọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìdí ló kẹ́yìn. Fóònù lè dún, ìkòkò lè hó dànù, ẹnìkan lè máa kan ilẹ̀kùn. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ dìde, ẹ gbé ọmọ dání.

Ẹ fi tówẹ̀lì àkọ́kọ́ gba omi ara rẹ̀, ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi èkejì tó gbẹ wé e. Ẹni tó bá lo ẹyọ kan ń fi aṣọ tútù wé ọmọ ni. Fífi tẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe fífi nù ún. Awọ tó ń bó lára ọmọ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má gbìyànjú láti ha á kúrò. Bí ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ bá tutù, ẹ bọ́ ọ sí ìlédìí àti fìlà, ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, awọ kan awọ, kẹ́ ẹ sì da aṣọ bò wọ́n. Kí ara rẹ̀ wà láàárín 36.5 sí 37.5°C.

Ìyókù inú sẹ́ẹ̀tì

Wọ́n máa ń di kànrìnkàn fóòmù, páúdà pẹ̀lú pọ́ọ̀fù, kóòmù àti ilé ọṣẹ mọ́ báàfù. Ilé ọṣẹ dára. Kóòmù, ó di oṣù mẹ́ta. Fóòmù kì í gbẹ nínú, kòkòrò á máa gbé ibẹ̀, aṣọ pẹlẹbẹ rírọ̀ tẹ́ ẹ ń sá sóòrùn sàn jù ú lọ. Páúdà tí wọ́n bá gbọ̀n lé ọmọ, á fà á símú wọ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó bá sì bọ́ sí ìhà itan á di ẹrẹ̀.

Ọṣẹ dúdú kì í rí bákan náà lọ́wọ́ ọ̀kan sí èkejì. Eérú tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń jẹ́ kó ta, èyí tó dára fún àgbà lè bó ọmọ tuntun. Ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, díẹ̀ tó tó èékánná, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Àwọn ọjọ́ yòókù, omi lásán. Ẹ má da Dẹ́tọ́ọ̀lù sí omi rẹ̀, apakòkòrò ilẹ̀ àti ọgbẹ́ àgbà ni, ó ń gbẹ awọ ọmọ, ó sì lè bó o. Òrí tó mọ́, tí kò ní òórùn, dára fún awọ tó gbẹ nígbà ọyẹ́, díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi pa á.

Kánfọ̀ ló yẹ kí gbogbo ilé ọlọ́mọ tuntun bẹ̀rù. Kóró funfun tí wọ́n ń jù sáàárín aṣọ yẹn máa ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí dókítà ń pè ní G6PD tó, irú wọn sì pọ̀ láàárín wa, pàápàá ọkùnrin. Ibà pọ́njú tó ń tẹ̀ lé e lè ba ọpọlọ jẹ́. Róòbù àti àtíkè oní-mẹ́ńtọ́ọ̀lù náà, ẹ má fi sún mọ́ ọn. Tówẹ̀lì àti aṣọ tí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kẹ́ ẹ tó lò ó, torí ẹ ò mọ inú àpótí tó ti wá.

Owó tẹ́ ẹ bá rí ṣẹ́ kù lára báàfù, ẹ fi ra tamọ́mítà àti jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1% ní kẹ́mísì. Lẹ́yìn ìwẹ̀, tí ibi ìwọ́ bá ti gbẹ, ẹ fọwọ́ yín, ẹ fi jẹ́ẹ̀lì náà pa ìwọ́ àti ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ títí á fi já, kó má kọjá ọjọ́ méje. Ó dà bí oògùn ojú lójú ẹni tí kò ka ara rẹ̀, ó sì lè fọ́ ọmọ lójú. Ẹ fi sí ọ̀tọ̀. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, iyọ̀, ìgbẹ́ màlúù tàbí ewé sí ìwọ́, wọ́n lè gbé kòkòrò àìsàn wọlé, títí kan ti ipá. Bí etí ìdodo bá pọ́n, tó ń ṣọyún tàbí tó ń rùn, tí ọmọ ò mu ọmú, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bíi ti ibà pọ́njú, ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Tí màmá bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ wọn le dúró lára ọmọ, wọ́n mọ àpótí í jókòó lé, wọ́n sì mọ orin tó ń pa ẹkún. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sílẹ̀ kò pọ̀: jíju ọmọ sókè àti fífi apá tàbí ẹsẹ̀ gbé e rọ̀ (egungun èjìká lè yẹ̀, iṣan apá lè já), fífi aṣọ gbígbóná tẹ àwùjẹ̀ àti ìdodo (ó ń bó wọn), fífún ọyàn tó wú lára ọmọ (ohun tó ti ara ìyá wá ni, á lọ fúnra rẹ̀, fífún ló ń sọ ọ́ di oówo), àti bíbu omi sí i lẹ́nu tàbí imú. Bí ẹ bá ní, "Màmá, wọ́n ní kò dára," ìjà ni. Àwọn tó gbọ́n máa ń ní, "Màmá, ẹ kú làálàá. Nọ́ọ̀sì ní omi gbígbóná ò gbọ́dọ̀ kan ìdodo o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi òrí pa á lára, ọwọ́ yín ló mọ̀ ọ́n ṣe." Màmá á gba òrí.

Tí ìwẹ̀ bá parí, ẹ da omi báàfù nù kẹ́ ẹ tó fi ọmọ sùn, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Omi ìka méjì tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tó láti gbé ọmọ tó ń rákò lọ, àwọn ọmọ alájọgbé sì máa ń rákò wọlé láìkan ilẹ̀kùn.